Iṣẹ́ ọpọlọ niṣẹ́ tẹ́sítà, ẹ yé pè é ní títẹ bọ́tìnì

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe sọ́fítíwíà, ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti fẹ́ẹ̀ parí ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe tẹ́sítà, ìyẹn ẹni tó ń dán sọ́fítíwíà wò kó lè mọ ibi tó ti lè bàjẹ́. Wọ́n ti rò ó, wọ́n ti yàwòrán ẹ̀, wọ́n ti kọ kóòdù ẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé, ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e jáde ti wà lórí kàlẹ́ńdà, ó wá ku ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ wò." Ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ wò! Bí ẹni pé ìka la fi ń ṣiṣẹ́. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mi ò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí n dákẹ́, torí èrò yẹn ń ba iṣẹ́ jẹ́, ó ń jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tí ò yẹ síbẹ̀, ó ń jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an sá lọ síbi tí wọ́n á ti kà á sí, èyí tó wá burú jù, ó ń pa èèyàn. Mi ò bù mọ́ ọn o, màá dé ibẹ̀.

Láti 1959 ni Peter Drucker, tó kọ̀wé púpọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́, ti ń sọ̀rọ̀ nípa irú òṣìṣẹ́ kan tó jẹ́ pé ohun tó mọ̀ ni irinṣẹ́ ẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ò lè dúró tì í kó máa júwe ọwọ́ fún un, torí kó tó ṣe ohunkóhun, òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Mi ò mọ iṣẹ́ tí àpèjúwe yẹn bá mu tó iṣẹ́ tẹ́sítà. Títẹ bọ́tìnì wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí dókítà náà ṣe máa ń fọwọ́ tẹ ikùn aláìsàn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa sọ pé ikùn títẹ̀ niṣẹ́ dókítà.

Ẹ jẹ́ ká mú nǹkan kékeré kan ká wò ó dáadáa. Àpótí kan wà lójú fóònù tí èèyàn máa kọ iye owó tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, bọ́tìnì kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n kọ "Fi ránṣẹ́" sí lára. Ìwé tí wọ́n fún wa sọ pé tí owó tó wà nínú àkáǹtì bá tó, kí owó lọ, tí ò bá tó, kí áàpù sọ pé kò tó. Ó tán. Ẹni tó bá rò pé bọ́tìnì títẹ̀ ni, á fi owó tó tó ránṣẹ́, á fi èyí tí ò tó ránṣẹ́, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́, ó di ilé.

Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Tí mo bá kọ òdo ńkọ́? Tí mo bá fi àmì ìyọkúrò síwájú iye yẹn, ṣé kì í ṣe pé owó máa kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi? Tó bá jẹ́ gbogbo owó tó kù pátá ni mo kọ, tí owó iṣẹ́ tí báńkì fẹ́ yọ ò wá sí mọ́ ńkọ́? Ará Jámánì kọ 1.500, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ló ní lọ́kàn, ẹlòmíì kọ 1.500 kan náà, ẹyọ kan ààbọ̀ lòun ń wí, èwo ni áàpù gbọ́? Tí mo bá fi owó ránṣẹ́ sí ara mi? Tí tọkọtaya tó jọ ni àkáǹtì kan bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí fóònù méjì, tó sì jẹ́ pé owó tó wà níbẹ̀ ò tó ẹ̀ẹ̀mejì? Tí iye kan bá wà tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kọjá lóòjọ́, agogo ibo ni ọjọ́ yẹn fi ń parí, ti fóònù mi ni àbí ti sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà báńkì tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀, tó wà ní orílẹ̀-èdè míì?

Èyí tó máa ń gbà mí lákòókò jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo tẹ "Fi ránṣẹ́", ọ̀rọ̀ dé sáfà, sáfà yọ owó, ó fún ẹni tó yẹ kó gbà á, ó wá fẹ́ dá mi lóhùn pé òun ti ṣe é, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mi ò rí ìdáhùn gbà. Gbogbo ohun tí fóònù mi mọ̀ ò ju pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Kí lèèyàn máa ń ṣe níbẹ̀? Á tún un tẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ kọ́ o, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí ohun tó rí lójú fóònù ẹ̀ ni pé owó ò lọ. Tí sáfà ò bá ní ọ̀nà tó máa fi mọ̀ pé èyí tó dé yìí, ti àkọ́kọ́ ló tún padà wá, owó á lọ lẹ́ẹ̀mejì. Láti dán ìyẹn wò, mi ò lè jókòó kí n máa retí ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa já níbi tí mo fẹ́ gẹ́lẹ́. Mo gbọ́dọ̀ mọ bí fóònù àti sáfà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí n wá nǹkan fi sáàárín wọn tó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ àmọ́ tó máa dá ìdáhùn dúró lọ́nà, kí n sì lọ wo ìwé owó inú sáfà fúnra ẹ̀, torí ojú fóònù lè máa sọ tiẹ̀ kí inú sáfà máa sọ tiẹ̀. Kí ni mo wá fẹ́ wò nínú ìwé yẹn? Àpapọ̀ owó tó wà nínú àkáǹtì méjèèjì. Ohun tó jẹ́ kí n tó tẹ bọ́tìnì, ohun náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, tá a bá ti ka owó iṣẹ́ báńkì mọ́ ọn. Owó kì í bímọ lójú ọ̀nà, kì í sì í kú sójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sínú ìwé tí wọ́n fún wa, tẹ́sítà ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tó yẹ kóun fi dá ẹjọ́ nìyẹn.

Ibi tí ìmọ̀ wà gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí yẹn. Ẹni tó bi àwọn ìbéèrè yẹn ti mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà, ó mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń já, ó mọ bí báńkì ṣe ń ṣírò owó, ó sì mọ èèyàn, ó mọ ohun tí ọwọ́ èèyàn máa ń ṣe tí ara bá ń kán an. Ìmọ̀ mẹ́rin yẹn kì í sábà pàdé lórí ẹnì kan, ọdún pípẹ́ ló ń gbà kí wọ́n tó pàdé, tí wọ́n bá sì ti pàdé, ẹ má jẹ́ kó lọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Wàyí o, ìbéèrè kì í tán. Ká ní gbogbo iṣẹ́ tí púrógíráàmù kan ń ṣe ò ju kó ro nọ́ńbà méjì pọ̀ lọ, tó jẹ́ bit 32 (bit ni àyè tó kéré jù nínú kọ̀ǹpútà, òdo tàbí ení ló ń gbà) ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ dán gbogbo méjìméjì tó lè wáyé wò, tẹ́ ẹ sì ní ẹ̀rọ tó ń dán bílíọ̀nù kan wò láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, ó máa gbà yín ju 580 ọdún lọ. Ìròpọ̀ lásán nìyẹn, kò tíì kan áàpù tó ní ojú ewé ọgọ́rùn-ún. Edsger Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Netherlands, ti sọ ọ́ láti nǹkan bí 1970 pé testing, ìyẹn dídán sọ́fítíwíà wò, lè fi hàn pé bug, ìyẹn àṣìṣe inú kóòdù, wà, àmọ́ kò lè fi hàn láéláé pé kò sí. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bú iṣẹ́ wa. Èmi rò pé ṣe ló gbé iṣẹ́ wa ga, torí tí ò bá ṣeé ṣe láti wo gbogbo ẹ̀, a jẹ́ pé yíyàn niṣẹ́ náà, ká yan ìwọ̀nba díẹ̀ tá a máa wò nínú àìmọye tó wà nílẹ̀, ká sì lè sọ ìdí tá a fi yan ìwọ̀nyí tá a fi ìyẹn sílẹ̀. Yíyàn ò ṣe é gbé fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan.

Ìdánwò kan wà tí Glenford Myers gbé kalẹ̀ nínú ìwé tó kọ nípa dídán sọ́fítíwíà wò ní 1979, mo ṣì máa ń fi bi àwọn tó bá fẹ́ wá bá wa ṣiṣẹ́. Púrógíráàmù kan máa gba nọ́ńbà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ni gígùn ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta kan, púrógíráàmù á sọ bóyá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, bóyá méjì ló dọ́gba, bóyá kò sí èyí tó dọ́gba. Àwọn nọ́ńbà wo lẹ máa fi dán an wò? Ó dà bí eré ọmọdé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní 3, 3, 3, wọ́n á ní 3, 3, 4, wọ́n á ní 3, 4, 5, wọ́n á gbé bírò sílẹ̀. Ta ló rántí 1, 2, 3? Tẹ́ ẹ bá so ẹ̀gbẹ́ 1 mọ́ ẹ̀gbẹ́ 2, wọn ò gùn ju 3 lọ, pẹrẹsẹ ni wọ́n máa sùn lé e lórí, kò sí onígun mẹ́ta kankan níbẹ̀. Ẹni tó rántí 1, 2, 3, ṣé ó rántí 3, 1, 2 àti 2, 3, 1, torí ẹni tó kọ kóòdù lè ti fi ẹ̀gbẹ́ kìíní kún ìkejì kó fi wé ìkẹta, kó má rántí yí i padà? Òdo mẹ́ta ńkọ́? Nọ́ńbà méjì péré ńkọ́? Ìbéèrè mẹ́rìnlá ni Myers tò sílẹ̀ tí èèyàn máa fi máàkì ara ẹ̀, ó sì ní àwọn tó ń kọ kóòdù tó ti gbówọ́ gan-an, 7.8 ni wọ́n ń gbà nínú 14. Mi ò sọ èyí láti fi wọ́n wọ́lẹ̀ o. Ẹni tó kọ́ nǹkan, ọ̀nà tí nǹkan yẹn máa fi ṣiṣẹ́ ló wà lórí ẹ̀, ọ̀nà tó máa fi bàjẹ́ ò sí níbẹ̀, ìyẹn gba orí míì.

Mo ní màá dé ibi tó ti ń pa èèyàn. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Therac-25, ìtànṣán ló ń yọ, wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fún àwọn aláìsàn ní ìtànṣán tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fíìfíì, àwọn kan nínú wọn sì kú. Ẹ̀rọ tó ṣáájú ẹ̀, Therac-20, ní irin àti wáyà tó máa dá a dúró tí nǹkan bá fẹ́ ṣìṣe, àmọ́ nínú èyí wọ́n yọ wọ́n kúrò, wọ́n gbé gbogbo ìṣọ́ yẹn lé sọ́fítíwíà lọ́wọ́.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nílùú Tyler, ní Texas, ní oṣù kẹta 1986 ni kò kúrò lọ́kàn mi. Obìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà ti mọṣẹ́ débi pé ọwọ́ ẹ̀ yá. Ó tẹ "x" síbi tó yẹ kó tẹ "e" sí, ìyẹn ni pé ó ti yan X-ray dípò electron, oríṣi ìtànṣán méjì tí ẹ̀rọ náà ń yọ, ó rí i, ó fi bọ́tìnì gun òkè lọ, ó tún un ṣe, ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá torí gbogbo yòókù ti wà bó ṣe yẹ, ó ní kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ dúró, ó kọ "Malfunction 54" sójú kọ̀ǹpútà. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Kò sí àlàyé tó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn sì ti máa ń dúró báyìí báyìí lójoojúmọ́ lórí ohun tí ò tó nǹkan, wọ́n á kàn ní kó máa lọ ni. Ó ní kó máa lọ. Ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tó yẹ kó gba rad 180 (rad ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara), wọ́n wá ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó lé ní rad 16,000 tó gbà. Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà wá, wọ́n gbìyànjú, wọn ò rí Malfunction 54 yẹn kó tún wáyé lójú wọn, wọ́n ní ẹ̀rọ ò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó tún ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀.

Ta ló wá rí i? Onímọ̀ físíìsì tó wà ní ọsibítù yẹn ni, òun àti obìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jókòó tì í, obìnrin náà ń rántí gbogbo ohun tọ́wọ́ ẹ̀ ṣe lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tún un ṣe, títí wọ́n fi mọ̀ pé ìyára ni. Òòfà inú ẹ̀rọ náà ń gba nǹkan bí sẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ kó tó gúnlẹ̀ síbi tó yẹ, tẹ́ ẹ bá tún ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ ṣe tẹ́ ẹ sì padà sísàlẹ̀ kí sẹ́kọ́ńdù mẹ́jọ yẹn tó pé, ojú kọ̀ǹpútà á gbà á, inú ẹ̀rọ ò ní gbà á, ojú á máa sọ electron, inú á ṣì wà nípò X-ray. Ẹni tó bá ń fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò tẹ̀ ẹ́ ò lè rí i láyé. Àwọn ẹnjiníà yẹn gan-an ò rí i àfi ìgbà tí wọ́n sọ fún wọn pé ẹ tẹ̀ ẹ́ kíákíá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro èyí dáadáa. Gbogbo wọn ló tẹ bọ́tìnì kan náà. Tó bá jẹ́ bọ́tìnì títẹ̀ niṣẹ́ ọ̀hún, àwọn ẹnjiníà ì bá ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn méjì yẹn ní ni pé wọ́n gbà pé nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi "kò lè ṣẹlẹ̀" pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀nà tí ẹni tó mọṣẹ́ gbà ń lo ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí àlejò gbà ń lò ó. Tẹ́sítà ni wọ́n jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sí orúkọ míì tí màá pè wọ́n.

Ohun míì tí mo ti rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdáhùn máa ń gbó. Ohun tó jẹ́ òótọ́ lánàá lè má jẹ́ òótọ́ mọ́ lónìí, kóòdù ò sì yí padà rárá, ayé tó yí i ká ló yí. Ní June 4, 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ti ilẹ̀ Yúróòpù gbéra ní Kourou, ní French Guiana, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó fọ́ yángá lójú ọ̀run. Kóòdù tó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dojú kọ, ara Ariane 4, èyí tó ṣáájú ẹ̀, ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì ti ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ti inú àyè bit 64 gbé sínú àyè bit 16, èyí tí ò lè gba ohun tó ju 32,767 lọ. Lórí Ariane 4, nọ́ńbà yẹn ò lè tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ṣírò ẹ̀. Ariane 5 ń sáré jù ú lọ, nọ́ńbà yẹn kún kọjá àyè ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tọ́nà dákú, èyí tó wà níbẹ̀ láti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá dákú náà ti dákú, torí kóòdù kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ìgbìmọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí i pé wọn ò dán ẹ̀rọ yẹn wò rí pẹ̀lú ọ̀nà tí Ariane 5 máa gbà fò, wọ́n sì sọ pé tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá ti rí i lórí ilẹ̀ níbí. Ẹnì kan ì bá kàn ti béèrè pé: ìgbà tí a sọ pé èyí ò lè ṣẹlẹ̀, kí la gbà pé ó jẹ́ òótọ́ nígbà yẹn, ṣé ó ṣì jẹ́ òótọ́?

Ìbéèrè yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù lẹ́nu iṣẹ́ wa, kò sì sí ibi tí ò wúlò. Kóòdù kan wà nínú Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ púrógíráàmù, tó ń wá nǹkan láàárín ohun tí wọ́n ti tò lẹ́sẹẹsẹ, ó máa ń ro nọ́ńbà méjì pọ̀ kó tó pín in sí méjì kó lè mọ àárín. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n fi ń kọ́. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni bug wà níbẹ̀ kí Joshua Bloch, ẹnjiníà sọ́fítíwíà kan, tó kéde ẹ̀ ní 2006, torí tí ohun tí wọ́n tò bá ti lé ní bílíọ̀nù kan, àròpọ̀ yẹn lè kún kọjá àyè ẹ̀ kó di nọ́ńbà tó kéré sí òdo. Nígbà tí wọ́n kọ kóòdù yẹn, ta ló ní kọ̀ǹpútà tó lè gba bílíọ̀nù nǹkan? Ti mísáìlì Patriot ti Amẹ́ríkà, tó máa ń já mísáìlì ọ̀tá lulẹ̀, náà nìyẹn ní Dhahran, ní Saudi Arabia, ní February 25, 1991. Àwọn tó ṣe é ò rò pé ẹnikẹ́ni máa fi í sílẹ̀ ní títàn fún ọjọ́ gbọọrọ, àmọ́ wọ́n ti tàn án fún ohun tó lé ní wákàtí 100, àṣìṣe bíńtín tó wà nínú aago ẹ̀ ti ń kóra jọ títí ó fi di bí ìdá kan nínú mẹ́ta sẹ́kọ́ńdù, ó wo ibi tí mísáìlì ọ̀tá ò sí, ọmọ ogun 28 kú. Látìgbà tí mo ti mọ ìtàn yẹn, kò sí sọ́fítíwíà tí mo máa dán wò tí mi ò ní béèrè pé tẹ́ ẹ bá tàn án tẹ́ ẹ ò sì pa á mọ́ ńkọ́?

Àwọn kan á ní kò burú, àmọ́ ẹ̀rọ ti ń ṣe gbogbo ìyẹn báyìí, ọ́tọ́méṣọ̀n, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà máa dán sọ́fítíwíà wò fúnra ẹ̀, ti dé. Mo fẹ́ràn ọ́tọ́méṣọ̀n, mo ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Michael Bolton, tẹ́sítà kan bíi tiwa, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ ní 2009 tó jẹ́ pé tí gbogbo máníjà bá lè mọ̀ ọ́n, orí á wá balẹ̀. Ọ̀kan ni kéèyàn máa wò bóyá ohun tá a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, ìyẹn ni ẹ̀rọ ń ṣe, ó sì ń ṣe é jù wá lọ, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í fojú fo ohunkóhun. Ìkejì ni kéèyàn wá ohun tá ò tíì mọ̀ kàn. Cem Kaner, tóun náà gbówọ́ nínú iṣẹ́ testing, ti fún ìyẹn lórúkọ tiẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, exploratory testing, ibi tí ìdáhùn tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ti ń sọ ìbéèrè tó kàn fún ẹ. Ẹ̀rọ á sọ fún yín pé ìdáhùn jẹ́ 42 bẹ́ ẹ ṣe ní kó jẹ́. Kò ní sọ fún yín pé ojú ewé náà pẹ́ kó tó ṣí lónìí, pé àwọ̀ lẹ́tà ò jẹ́ kéèyàn rí ohun tó wà níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ tí áàpù sọ nígbà tí owó ò lọ máa dẹ́rù ba arúgbó. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura, kó tó lè di ohun tí a lè kọ fún ẹ̀rọ pé máa wò ó.

Ìfura nìkan ò tó ṣá. Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọn kì í fojú sí, ìyẹn ríípọ́ọ̀tù. Ẹnì kan kọ ọ́ pé "áàpù ń kú nígbà míì." Kò sẹ́ni tó lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Tẹ́sítà tó mọṣẹ́ á jókòó tì í. Ṣé gbogbo fóònù ni? Rárá, àwọn tó ń lo èdè kan báyìí ni. Ṣé gbogbo ìgbà ni? Rárá, tí orúkọ bá ní àmì lórí ni. Ṣé àmì èyíkéyìí ni? Á máa yọ nǹkan kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yí nǹkan kan ṣoṣo padà, á dúró wo ohun tó yí pẹ̀lú ẹ̀, á tún dá a padà kó lè dá a lójú pé òun kọ́ ló kàn ṣe kòńgẹ́, títí á fi kọ ọ́ pé: ẹ kọ orúkọ tó ní "ọ̀" nínú, ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ tún un ṣí, áàpù á kú, ó ń kú torí ibi tí wọ́n ti ń ka gígùn orúkọ, iye lẹ́tà ni wọ́n kà, síbẹ̀ ibi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, iye byte ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ìyẹn àyè tí lẹ́tà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà tó ní àmì sì ń gbà ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó ń kọ kóòdù á tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ohun tí tẹ́sítà yẹn ṣe ò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú láàbù, ó rò ó pé báyìí ló máa rí, ó ṣètò bó ṣe máa mọ̀ tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ó sì gbà fún ohun tó rí.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń wọn iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n á ní mélòó lo ṣe lónìí? Iye test case, ìyẹn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, tí o ṣe, iye bug tí o rí. Mo ti wà nínú irú mítìn yẹn rí, pátákó kan lára ògiri, orúkọ oníkálukú, nọ́ńbà níwájú ẹ̀, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ wá ohun kan ṣoṣo tó ń sọ owó nù, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni tó kọ ogún ríípọ́ọ̀tù nípa lẹ́tà tó wọ́ ló wà lókè. Kí lẹ rò pé gbogbo wa máa ṣe lọ́jọ́ kejì? Wọn kì í ka iye ìlà tí adájọ́ kọ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó dá ẹjọ́ re. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tẹ́sítà ń ṣiṣẹ́, ẹ bi í pé kí lo mọ̀ nípa nǹkan yìí báyìí tí a ò mọ̀ láàárọ̀, kí lo ò tíì wò, kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù jù nínú ẹ̀, kí ló dé. Ẹni tó mọṣẹ́ á dá yín lóhùn títí agbára yín á fi pin.

Ní báyìí tí kọ̀ǹpútà ti ń bá èèyàn kọ kóòdù, ọ̀rọ̀ yìí ti le sí i lójú mi. Wọ́n á ní kí ẹ̀rọ kọ kóòdù, wọ́n á tún ní kí ẹ̀rọ kan náà wo kóòdù yẹn kó kọ test fún un, gbogbo test á jáde ní àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀ yege, inú gbogbo èèyàn á dùn. Tí kóòdù bá ti gbà pé 1.500 jẹ́ ẹyọ kan ààbọ̀, test tí wọ́n fà yọ látinú ẹ̀ náà máa gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n jọ ṣe àṣìṣe kan náà ni, wọ́n sì jẹ́rìí fún ara wọn. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé kí n tó fọwọ́ kan kóòdù kankan báyìí, mo máa ń wá ẹni tó fẹ́ lo nǹkan náà rí, mo máa ní kó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara ẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kí ló máa kà sí pé ó bàjẹ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ohun tó sọ yẹn ni mo sì máa ń gbé lọ síwájú ẹ̀rọ, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa ara ẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń ní kí wọ́n ṣe nìyẹn, kí wọ́n tún kọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, torí tí ò bá sí ohun tí wọ́n ń retí, gbogbo ohun tí ojú kọ̀ǹpútà bá fi hàn wọ́n ló máa dà bí ẹni pé ó tọ̀nà.